Ta Ló Ni Ẹnu Àgbà? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Bí Ìjọba Ṣe Ń Bójú Tó Ìtọ́jú Eyín àti Ilé Àwọn Arúgbó

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí yín tọwọ́-tẹsẹ̀. Ẹ̀yin alábẹ̀wò ìjọba, ẹ̀yin dókítà eléyín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin olùtọ́jú tó ń gbé arúgbó dìde láàárọ̀ tó sì ń tẹ́ wọn sùn lálẹ́, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á bá yín gbé e. Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín wà nílé ìtọ́jú, ẹ kú àfaradà. Gbogbo wa la kú ìkàlẹ̀ o.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín. Ta ló ni ẹnu àgbà?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn baba wa ní ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Ẹnu tí òwe ti ń jáde, tí ìmọ̀ràn ti ń jáde, ta ló ń fọ̀ ọ́ nígbà tí ọwọ́ ẹni tó ni ín ò bá lè gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́? Ta ló ń là á wò? Bí eyín bá ń jẹrà nínú rẹ̀ fún odidi ọdún kan, orúkọ ta ni ìjọba máa pè pé kó jáde wá ṣàlàyé?

Ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ilé ìwòsàn eyín á ní ẹni tó bá wá jókòó sórí àga àwọn ni àwọn mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ilé àwọn arúgbó á ní ọ̀rọ̀ eyín, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ìyá àgbà tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ láàárín àwọn méjèèjì ńkọ́? Ẹnu tirẹ̀ ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àárín yẹn ni mo fẹ́ ká dúró sí lónìí, torí ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: alábẹ̀wò tó ka gbogbo fáìlì tán tí kò rí inú ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, kò tíì bẹ ibẹ̀ wò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ rántí pé ojú ni wọ́n pè níbẹ̀, wọn ò pe fáìlì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó yí padà

Nígbà kan, ẹni tó bá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, erìgì nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ olùtọ́jú ò ju kó yọ eyín àtọwọ́dá sínú ife omi lálẹ́, kó dá a padà láàárọ̀. Ayé yẹn ti ń lọ. Lọ́dún 1989, orílẹ̀-èdè Japan bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n sọ ní 8020, ìyẹn ni pé kí ẹni tó bá pé 80 ọdún ṣì ní 20 eyín tirẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn tó dé ibẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nígbà tí ìjọba wọn ṣèwádìí lọ́dún 2016, wọ́n ti lé ní ìdajì. Ilẹ̀ míì náà ń rí irú rẹ̀: eyín ń pẹ́ lẹ́nu ju ti àtijọ́ lọ.

Ṣé kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nìyẹn? Ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n eyín tó kù lẹ́nu iṣẹ́ ló kù lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, erìgì á máa sún kúrò, gbòǹgbò eyín á máa yọ síta. Gbòǹgbò ò ní èèpo líle tí orí eyín ní, ìwọ̀nba ohun kíkan díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ wá fi oògùn kún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn àwọn tí ìtọ̀ ń dà lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mú kí ẹnu gbẹ. Itọ́ ló ń ṣan eyín, òun ló ń pa oró ohun kíkan. Tí itọ́ bá ti gbẹ, eyín tó ti wà láìlábùkù fún 60 ọdún lè bàjẹ́ láàárín ọdún kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa á máa sọ pé ọjọ́ ogbó ló fà á.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí kò wọ́n rárá. Ọṣẹ ìfọyín tí gbogbo ayé ń lò máa ń ní fúlóráìdì, èròjà tó ń gba eyín lọ́wọ́ ìjẹrà, tó tó 1,000 sí 1,500 nínú mílíọ̀nù kan. Fún arúgbó tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ ti yọ, wọ́n ṣe èyí tó lágbára sí i, tó ní 5,000. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Dókítà wo? Èyí tí kò wá sílé náà láti ọdún mẹ́ta? Ẹ rí i pé àìsí àbójútó lè farapamọ́ sínú ohun kékeré, ó lè jẹ́ ìwé oògùn kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ.

Ọ̀nà tó ti ẹnu lọ sí ẹ̀dọ̀fóró

Àwọn kan á ní, eyín nìkan kọ́? Ṣé èèyàn ń kú torí eyín? Wọ́n á tún rán wa létí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, pé ká lọ wo ọkàn, ká lọ wo ìtọ̀ ṣúgà, ká fi eyín sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Arúgbó tí rọpárọsẹ̀ ti bá jà, tàbí tí àrùn ìgbàgbé ti wọ̀ lára, kì í gbé nǹkan mì dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni itọ́ rẹ̀ ń ṣì lọ sí ọ̀nà èémí, pàápàá lójú oorun. Bí itọ́ yẹn bá mọ́, ara lè gbé e. Bí ó bá kún fún kòkòrò tó ti ń gbé lórí eyín tí wọn ò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òtútù àyà ló ń bọ̀ yẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Ẹnu tí wọn ò fọ̀ ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀dọ̀fóró náà.

Kì í ṣe àbá. Àwọn onímọ̀ ní Japan mú arúgbó 417 ní ilé ìtọ́jú 11, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún ọdún méjì. Àwọn olùtọ́jú ń fọ eyín àwọn ìpín kan lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, dókítà eléyín tàbí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ tó mọṣẹ́ ìfọyín sì ń wá tọ́jú ẹnu wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìpín kejì ń lọ bí wọ́n ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí wọn ò tọ́jú ẹnu wọn lọ́nà pàtàkì, òtútù àyà mú 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú, ó mú 11. Ọdún 2002 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde. Búrọ́ọ̀ṣì ni o! Búrọ́ọ̀ṣì àti ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lọ́dún 2015, àwọn míì ní Japan kan náà tún gbé èsì jáde nípa àwọn tó ti lé ní 85 ọdún: ewu òtútù àyà lára àwọn tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń yọ ọ́ lálẹ́ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ méjì, ẹnu kan

Ní England, wọ́n ní ìlànà. Láti ọdún 2016 ni ìlànà ìjọba ti wà nílẹ̀ tó sọ pé kí wọ́n yẹ ẹnu arúgbó wò lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì máa ràn án lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019, ilé iṣẹ́ tó ń bẹ ilé ìtọ́jú wò níbẹ̀, Care Quality Commission, gbé àbọ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n lọ sí ilé 100 láti wo ọ̀rọ̀ ẹnu yìí. Kí ni wọ́n bá? 52 nínú ọgọ́rùn-ún ilé náà ni kò ní ètò kankan lórí ìtọ́jú ẹnu. 47 ni kò kọ́ òṣìṣẹ́ wọn ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú ìwé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n kà, 73 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti mẹ́nu kan ẹnu lápá kan tàbí tí wọn ò mẹ́nu kàn án rárá. Ilé kan nínú mẹ́wàá ò sì ní ibi tí wọ́n lè gbé arúgbó lọ bí eyín bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ẹ kíyè sí i: ìlànà ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìwé ò wọ́n wọn. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó máa lọ wò bóyá wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan béèrè ìbéèrè tó tọ́ ni àṣírí tú. Mo yìn wọ́n fún un, torí ilé iṣẹ́ àbójútó tó bá lọ wá àléébù tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ti ṣiṣẹ́ ju èyí tó ń pín oríyìn kiri.

Australia náà gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí ńlá kalẹ̀ lọ́dún 2018 lórí ìtọ́jú àwọn àgbà. Àbọ̀ ìkẹyìn wọn jáde lọ́dún 2021, ó ní àbá 148. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni pé kí ìjọba dá ètò owó ìtọ́jú eyín sílẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́tọ̀. Kí ló dé tí ìgbìmọ̀ lórí ilé arúgbó fi ń sọ ọ̀rọ̀ owó dókítà eléyín? Torí wọ́n rí i pé bí wọ́n bá tún ilé náà ṣe títí, tí kò bá sí ẹni tó máa sanwó kí dókítà wá, òfo ni.

Ohun tí mo máa dábàá fún ìjọba yòówù kò ṣòro. Kí ẹ yan orúkọ. Ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé arúgbó, kí ẹnì kan wà tí ẹnu jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìtọ́jú eyín, kí ẹnì kan wà tí ilé arúgbó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì máa jókòó pọ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo lórí tábìlì: orúkọ gbogbo ilé ìtọ́jú, ọjọ́ tí dókítà eléyín dé ibẹ̀ kẹ́yìn, iye arúgbó tó rí. Ilé tí àyè ọjọ́ rẹ̀ bá ṣófo ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ.

Bí a ṣe ń bẹ ilé arúgbó wò

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin alábẹ̀wò fetí sílẹ̀, torí ibí yìí lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ọ̀gá. Bí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mú yín lọ sí yàrá tẹ́ ẹ fúnra yín yàn. Ẹ wọ balùwẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, tí ìwé sọ pé wọ́n fọ eyín ní aago mẹ́jọ, búrọ́ọ̀ṣì yẹ kó ṣì tutù díẹ̀ ní ìdí irun rẹ̀. Bí ó bá gbẹ tó le gbagidi bí ìgbálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ti mọ nǹkan kan tí fáìlì ò ní sọ fún yín. Ẹ wò ó bóyá orúkọ wà lára rẹ̀. Níbi tí èèyàn méjì bá ń lo balùwẹ̀ kan, tí búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì jẹ́ aláwọ̀ kan náà tí kò sí orúkọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú pé èwo ni ti ta. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí sítọ̀. Ìṣirò kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ká ní èèyàn 40 ló wà nílé náà tí wọ́n ní eyín. Búrọ́ọ̀ṣì yẹ kó yí padà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta: ìyẹn 160 lọ́dún. Ọṣẹ ìfọyín ńkọ́? Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo ìdajì gíráàmù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, gíráàmù kan nìyẹn lóòjọ́. Ọṣẹ 100 gíráàmù á tó ẹnì kan fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Fún èèyàn 40, ó máa tó nǹkan bí 146 lọ́dún. Ẹ wá béèrè rìsíìtì. Bí rìsíìtì ọdún kan bá fi búrọ́ọ̀ṣì 45 hàn àti ọṣẹ 30, ẹ bi wọ́n pé àwọn ẹbí ló ń ra ìyókù wá ni? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní ìbéèrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹni tó ń kọ ìwé ojoojúmọ́ lè fi àmì sí gbogbo àpótí. Rìsíìtì kì í mọ irọ́ tí wọ́n pa nínú ìwé yẹn.

Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé. Nínú ìwé, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan: "ó kọ̀." Arúgbó lè kọ̀ kí wọ́n fọ eyín rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ẹ bá rí "ó kọ̀" fún ọjọ́ 30 léra, pẹ̀lú gègé kan náà, nígbà míì pẹ̀lú ìkọ̀wé kan náà ní àárọ̀ àti lálẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n gbìyànjú lẹ́yìn tó kọ̀. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ á sọ fún yín pé òun máa ń wá níwájú rẹ̀, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Òun á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú òun á fi kan ojú rẹ̀. Òun á fi búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́, òun á wá gbé ọwọ́ òun lé tirẹ̀ kí wọ́n jọ máa fọ̀ ọ́. Bí kò bá gbà láàárọ̀, òun á padà wá lọ́sàn-án, tàbí kí ẹlòmíì tó fẹ́ràn lọ. Wọn kì í fipá la ẹnu. Olùtọ́jú tí wọn ò kọ́ á kàn gbé èjìká sókè. Ẹ má bínú sí i. Ọ̀gá tí kò kọ́ ọ ni kí ẹ bi.

Fún yíyẹ ẹnu wò, òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ní irinṣẹ́ kan tí ó tó. Àwọn onímọ̀ ní Australia ló ṣe é, nǹkan mẹ́jọ ló ní kí a wò: ètè, ahọ́n, erìgì, itọ́, eyín, eyín àtọwọ́dá, ìmọ́tótó ẹnu, àti ìrora. Ẹ ó fi òdo sí èyí tó dáa, 1 sí èyí tó ti ń yí padà, 2 sí èyí tó ti bàjẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tọ́ọ̀ṣì, ibọ̀wọ́ àti sùúrù ni ohun èlò rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ ilé wò, ẹ mú ìwé ẹni mẹ́ta tí wọ́n ti kọ máàkì sí, kí ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tún jọ wo ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí àwọn tó ni ẹnu bá gbà. Níbi tí ìwé bá fi òdo sí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí ẹ wá rí eyín tó ti kán kù sí erìgì, ẹ ò nílò ẹ̀rí míì.

Ẹ̀yin alábẹ̀wò tí ẹ kì í ṣe elétò ìlera, ẹ má bẹ̀rù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo ẹnu mẹ́wàá á mọ èyí tí wọ́n ń fọ̀.

Ó ku eyín àtọwọ́dá. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ kan fọ ọ̀kan lójú yín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ bu omi sí bésìnì tàbí kó tẹ́ tówẹ̀lì sí i, torí bí eyín bá já bọ́ sórí àwo líle, fífọ́ ló máa fọ́. Á fi omi tútù tàbí èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan án. Omi tó ń hó máa ń jẹ́ kó yí, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́. Ọṣẹ ìfọwọ́ ni á fi fọ̀ ọ́, kò ní lo ọṣẹ ìfọyín tó ń ha á, torí ojú ibi tó bá ha ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Á nu erìgì àti ahọ́n ẹni tó ni ín. Lálẹ́, á yọ ọ́ sínú ife tí orúkọ wà lára rẹ̀. Orúkọ ọ̀hún yẹ kó wà lára eyín náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Eyín tó sọnù láàárín aṣọ tí wọ́n kó lọ fọ̀ tàbí lórí àwo oúnjẹ tí wọ́n kó dànù, oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn, láàárín ìgbà yẹn arúgbó á máa mu ohun olómi, á máa rù, ẹnikẹ́ni ò sì ní kọ eyín sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á.

Bí a ṣe ń bẹ ilé ìwòsàn eyín ti ìjọba wò

Mo máa yára níbí, àfi ní ojú méjì.

Àkọ́kọ́ ni irinṣẹ́. Autoclave ni wọ́n fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́, ooru omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n 134 Celsius fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, tàbí 121 fún ìṣẹ́jú 15. Kí ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀? Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni ìkánjú. Wọ́n á kó irinṣẹ́ pọ̀ jù sínú rẹ̀, ooru ò ní ráyè wọ àárín. Tàbí kí wọ́n má kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kúrò, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kòkòrò ń sùn sí. Tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kó tó gbẹ. Bébà tí wọ́n fi di irinṣẹ́, tó bá ṣì tutù, ò lè dènà kòkòrò. Téèpù tó ń yí àwọ̀ padà lára rẹ̀ kò sọ ju pé ooru kan án lọ. Ìdánwò tó ń fi kòkòrò gidi ṣe ẹ̀rí ló ń sọ bóyá ó kú, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Amẹ́ríkà sì ń ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fúnra yín mú páálí irinṣẹ́ kan nínú dúróà. Ẹ ka ọjọ́ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ fún nọ́ńbà yẹn hàn yín. Bí wọ́n bá rí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé náà wà létòlétò. Bí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn lórí fóònù, ẹ jókòó, ẹ ò tíì fẹ́ lọ.

Èkejì ni omi, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Rọ́bà tín-ín-rín ló ń gbé omi lọ sí díríìlì. Omi tó bá sùn sínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé ń kó kòkòrò tó máa lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà bí èédú ìkòkò. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kó má ju 500 kòkòrò lọ nínú mìlílítà kan, kí wọ́n sì tú omi rọ́bà dànù fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Ṣé eré ni? Ní Ítálì, lọ́dún 2011, obìnrin ẹni ọdún 82 kan kú nípasẹ̀ Legionella, kòkòrò inú omi kan tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kì í jáde nílé lásìkò yẹn àfi lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Nígbà tí wọ́n yẹ omi rọ́bà ibẹ̀ wò, kòkòrò kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀ bíi ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń bójú tó ìtọ́jú eyín, ẹni tó kú nínú ìtàn yìí, àgbà ni. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ọ́fíìsì méjèèjì, ọ̀kan náà ni.

Ìyókù ò gba ọ̀rọ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, bóyá kẹ̀kẹ́ arọ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ka àtẹ̀gùn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ní àpò irinṣẹ́ tí wọ́n lè gbé jáde lọ bá ẹni tí kò lè wá: iná orí, ẹ̀rọ kékeré tó ń fa itọ́, àpótí tí wọ́n fi ń kó irinṣẹ́ ìdọ̀tí padà wálé. Bí eruku bá ti bo àpò náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó àti ti ìlà

Bí ìjọba bá ń sanwó fún dókítà eléyín lórí ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó ń yára mówó wọlé ló máa pọ̀. Yíyọ eyín ń yára ju títún un ṣe lọ. Bí ó bá ń san iye kan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà lórúkọ wọn, dókítà á fẹ́ràn ọ̀dọ́ tí eyín rẹ̀ dáa, kò ní fẹ́ràn arúgbó tí gbígbé e látorí kẹ̀kẹ́ sórí àga nìkan lè gba àkókò ọ̀dọ́ méjì. Bí ó bá ń san owó oṣù, ìlà á gùn. Kò sí èyí tí kò ní ẹ̀gún rẹ̀. Ohun tí alábòójútó á ṣe ni pé kó mọ ibi tí ẹ̀gún èyí tí wọ́n yàn wà, kó sì máa wo ibẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó lórí ẹyọ, ẹ pín iye eyín tí wọ́n yọ sí iye tí wọ́n tún ṣe, fún àwọn tó ti lé ní 75, ẹ sì fi ilé ìwòsàn kan wé èkejì. Èyí tó bá yàtọ̀ pátápátá, ẹ lọ bi í.

Ìlà ìdúró ńkọ́, ìyẹn orúkọ àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú eyín? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù láì tọ́jú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́: ẹni tí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ 14, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra, ṣé òun ló máa dáhùn lẹ́tà? Wọ́n tún lè ti ìlà pa, kí wọ́n má gba orúkọ tuntun fún oṣù mẹ́fà. Ìlà á kúrú, ìròyìn á dùn. Ẹni tó bá kú lórí ìlà náà máa ń jáde kúrò nínú ìṣirò bí ẹni tí wọ́n tọ́jú. Nítorí náà ẹ má béèrè pé "èèyàn mélòó ló wà lórí ìlà?" Ẹ béèrè pé: "Èèyàn mélòó ló jáde kúrò lórí rẹ̀ lọ́dún yìí, báwo sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jáde?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: tí wọ́n tọ́jú, tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, tó kú.

Àwọn tí kò lè fẹjọ́ sùn

Gbogbo ilé iṣẹ́ àbójútó ló ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa pè é, ìyá tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́? Iye ẹ̀sùn tó kéré kò túmọ̀ sí pé ilé náà dáa. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ń fi ara sọ̀rọ̀: á máa ti oúnjẹ sẹ́yìn, á máa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, á máa fa eyín àtọwọ́dá yọ, á máa gbá olùtọ́jú lọ́wọ́ tó bá sún mọ́ ojú rẹ̀. Ibi tó burú sí ni pé wọ́n lè kọ ọ́ pé "ó ń jà," kí wọ́n wá fún un ní oògùn tó máa mú un rọlẹ̀. Oògùn yẹn á tún gbẹ ẹnu rẹ̀ sí i. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí oògùn irú ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan kọ́kọ́ wo ẹnu.

Bí ẹ bá wá rí àléébù, kí lẹ máa ṣe? Àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n ti ilé náà pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ rọra. Arúgbó tí wọ́n ṣí nípò lójijì lè ṣàìsàn látàrí rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní pàtó: yàrá wo, búrọ́ọ̀ṣì mélòó, máàkì ta ni kò bá ẹnu rẹ̀ mu. Ẹ fún wọn ní ọjọ́. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ibi tí ẹbí á ti rí i. Bí ọjọ́ bá pé tí kò yí padà, kí wọ́n má gba arúgbó tuntun mọ́. Owó ni èyí kàn, wọ́n sì máa ń gbọ́ èdè owó. Títì pa ló kẹ́yìn.

Kí ìbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì má sì jẹ́ ní àárọ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí ẹ bá ránṣẹ́ ṣíwájú, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi pé kí ló dé tẹ́ ẹ pẹ́. Ẹ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, láìsọ. Ẹ kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè iye àwọn tó ń lo eyín àtọwọ́dá nínú ilé náà. Ká ní ó sọ fún yín pé 18. Ẹ rọra rìn láti yàrá dé yàrá, ẹ má tan iná ńlá, ẹ má jí ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ka ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá ka ife 17, ẹ béèrè ẹni tó kù, kí wọ́n lọ wò ó. Bí ẹ bá ka mẹ́rin, ẹ fa àga, ẹ jókòó, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe ọ̀gá wá látilé.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Mo rí i pé ọwọ́ ti wà lókè lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ìyá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ béèrè.